Aago Ọlọ́wọ́ Òsì

"Aago àkọ́kọ́ ilé-iṣẹ́ wa rèé," ni ọ̀gá ń sọ fún àwọn àlejò. "Olùdásílẹ̀ wa ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é."

Opó kan sún mọ́ àpótí gíláàsì tí aago náà wà nínú rẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni ọkọ rẹ̀ kó tó kú. "Kí ló dé tí kókó tí wọ́n fi ń yí i wà lápá òsì?"

"Àrà ló fi dá, màmá. Bóyá ọwọ́ ọ̀tún ti sú u!"

Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín.

"Òun kọ́ ló ṣe é," ni opó náà wí.

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, ó sọ sí i létí. "Màámi, ẹ dákun, ẹ dákẹ́. Àbúrò bàbá mi tí wọ́n ń pè ní olùdásílẹ̀ yìí ló gbé ilé-iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́."

Ó yíjú sí àwọn àlejò, ó nawọ́ sí àwòrán olùdásílẹ̀ lára ògiri. Ọwọ́ òsì ló fi júwe rẹ̀, ọwọ́ bàbá rẹ̀.