Ìpadàbọ̀ Dorsey Sexton Sínú Orin Àtijọ́

Oṣù karùn-ún ni Dorsey Sexton padà sí àfonífojì wa ní Kentucky, lẹ́yìn àádọ́ta ọdún tó ti fi gìtá àti fìlà fífẹ̀ kọrin kiri. Àwọn oníwèé ìròyìn ti kọ nípa rẹ̀ kó tó dé. Wọ́n ní orin Nashville, ìlú àwọn olórin onígìtá, ti sú u, orin àwọn baba rẹ̀ ló fẹ́ máa kọ títí tó fi máa kú. Leda, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló wa ọkọ̀ wá. Òun náà ló ń dá àwọn oníròyìn lóhùn, bàbá rẹ̀ á kàn máa mi orí sí i.

Hobert ẹ̀gbọ́n Dorsey ò jáde lọ pàdé wọn. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni, alàgbà ìjọ, òun ló sì ń lé orin. Nínú ìjọ wa, a kì í lo ohun èlò orin, a kì í sì í pín ìwé. Ẹni tó ń lé orin á pe ìlà kan láti inú orí rẹ̀, gbogbo ìjọ á gbà á, wọ́n á fà á gùn títí èémí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kó tó pe òmíràn. Bí àwọn baba wa ṣe ń ṣe é nìyẹn, a ò sì tíì rí ìdí tó fi yẹ ká yí i padà.

Ohun tó wà láàárín tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí kì í ṣe àṣírí. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyá wọn, ọdún kọkànlélógójì rèé, Texas ni Dorsey wà, ó ń kọrin fún àwọn ọ̀mùtí. Hobert ló gbẹ́ sàréè, òun ló gbé pósí, òun náà ló lé orin. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń retí lẹ́nu àbúrò rẹ̀: ẹ dárí jì mí. Ó dùn ún dé egungun pé kò gbọ́ ọ.

"Orin àwọn baba rẹ̀, àbí?" ló wí fún Ruthene ìyàwó rẹ̀, bó ṣe ń fi búrẹ́dì àgbàdo nu abọ́ ẹ̀wà. "Irọ́ ni! Rẹ́kọ́ọ̀dù ló fẹ́ ṣe. Orin Màmá ló fẹ́ wá tà."

"Ẹ jẹ́ kó jókòó ná, bàbá yìí. Kò tíì lanu, ẹ ti dájọ́."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Leda mú Dorsey wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé Hobert. Hobert ò fi àkókò ṣòfò.

"Ibo lo wà lọ́jọ́ tí a sin Màmá?"

Dorsey wo òkè iwájú. "Ẹ máa wí, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n sọ jù."

"Mo ní ibo lo wà?"

"Ibo ni mo wà," ni Dorsey wí. Omi lé sí i lójú.

Ruthene fi ẹsẹ̀ tẹ ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, Hobert sì fi ìbéèrè náà sílẹ̀. Ẹni tó ń sunkún kò jiyàn, ṣùgbọ́n kò tíì bẹ̀bẹ̀.

Leda ló gba ọ̀rọ̀ sọ. "Bàbá Hobert, lọ́jọ́ Àìkú tí a máa ṣe ìrántí àwọn òkú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí bàbá mi kọ orin Màmá àgbà."

"Òun nìkan? Pẹ̀lú gìtá, káwọn èèyàn máa ya fọ́tò?"

"Ó tì o. Ẹ̀yin lẹ máa lé e. Bàbá mi á kàn máa gbè é ni."

"Ẹ gbọ́ bí?" ni Ruthene wí. "Ẹni tó ti ń dúró níwájú láti kékeré ló ní òun fẹ́ gbè yìí."

"A máa rí i," ni Hobert wí.

Lọ́jọ́ Àìkú, a gun òkè lọ síbi sàréè, a to adìyẹ díndín àti páì èso ápù sórí tábìlì. Ọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀ wá. Leda lé e padà. Hobert dúró lẹ́bàá ibojì ìyá rẹ̀, ó pe ìlà àkọ́kọ́. Dorsey di ojú, ó gbà á. Ohùn náà ti ha, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí ìyá wọn máa ń yí ohùn sí ló yí i sí. Cora Slone, ọmọ ìjọ wa tó ti fọ́nnu pé òun máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ló kọ́kọ́ fa áńkáṣíìfù yọ.

Hobert ò tíì gbà á gbọ́. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ṣe ló kọ́ orin náà sórí fún rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀. Nígbà tó kan ẹsẹ kejì, ẹsẹ kẹta ló pè. Gbogbo wa ṣìnà. Àwọn kan bọ́ sínú ẹsẹ kejì, àwọn kan dákẹ́, Cora da ohùn rú. Dorsey nìkan ni kò kọsẹ̀. Ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè ló gbà, wọ́ọ́rọ́wọ́, títí dé òpin.

Ara Hobert rọ̀. Kò tíì rí ẹni tó fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún òun báyẹn rí. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sí àbúrò rẹ̀, ó dì mọ́ ọn, ó sunkún bí ọmọdé.

"Ó tó. Má wulẹ̀ bẹ̀ mí mọ́, mo ti dárí jì ọ́. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ìwọ lo máa lé orin, èmi á gbè."

Kò sí iyì tó ju ìyẹn lọ láàárín wa. Gbogbo ìjọ ké àmín.

"Èmi á gbè," ni Dorsey wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Leda rọra fa Hobert sẹ́yìn igi.

"Bàbá, láti ìgbà òtútù tó kọjá ni ọ̀rọ̀ orin kankan ò ti dúró lórí bàbá mi mọ́, àfi èyí tí èèyàn bá ń pe ìlà rẹ̀ fún wọn ni wọ́n lè kọ, wọn ò dá yín mọ̀ mọ́, èmi ni mo ń sọ fún wọn láràárọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ni kí wọ́n máa pè yín."