Ojú Ìwé Kejì Tó Ṣófo

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, bó ti wù kó rẹ̀ yín tó. Àárẹ̀ náà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Láyé ìgbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn bí omi, Gbádéyan ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan lẹ́bàá títì márosẹ̀ ní Ọ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fọwọ́ yí ló ń lò. Ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé iṣẹ́ ìjọba, gbogbo wọn ló ń gbéṣẹ́ wá, kò sì fẹ́ kí ọ̀kan bọ́ lọ́wọ́ òun. Ojú rẹ̀ pọ́n, ẹ̀yìn ń dùn ún, síbẹ̀ ó ń gba iṣẹ́ kún iṣẹ́.

Lásìkò òjò, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ Òdígbó ní kó tẹ ìwé àlàyé lórí òògùn kòkó tuntun. Bébà méjì ni. Àkọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń po òògùn. Ìkejì ni ìkìlọ̀: ẹ má fi agolo òògùn pọnmi, bó ti wù kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ tó.

Òjò ti mú kí bébà rin. Ni ẹ̀rọ bá ń fa méjì pọ̀: ọ̀kan á gba yíǹkì, èkejì á jáde ní funfun báláú. Gbádéyan mọ àtúnṣe rẹ̀ dáadáa. Kó dá ẹ̀rọ dúró ni, kó sá bébà síbi tó gbẹ, kó gbọ̀n wọ́n kí wọ́n yà lára wọn, kó sì yẹ èyí tó ti jáde wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọládùnní ìyàwó rẹ̀, tó ń to ìwé náà pọ̀, gbé ọ̀kan sókè.

"Bàbá Ẹ̀bùn, ẹ wò ó, kò sí nǹkan kan lára èyí o."

"Yọ ọ́ dà nù."

"Ó pọ̀ nínú wọn. Ẹ jẹ́ ká yẹ gbogbo rẹ̀ wò."

Gbádéyan mí kanlẹ̀. "Ó ti rẹ̀ mí, Ìyá Ẹ̀bùn. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà nílẹ̀. Ta ni bébà funfun máa pa?"

Wọ́n di ìwé náà, wọ́n fi ránṣẹ́.

Ọ̀kan bọ́ sọ́wọ́ Múdàṣírù, àgbẹ̀ tó ti Ìwó wá dáko kòkó nínú igbó Òdígbó. Ó kà á sétí Àsíátù ìyàwó rẹ̀. Ó ṣí ojú ìwé kejì, ó bá a lófo.

"Ó parí síbẹ̀ nìyẹn," ló wí.

Nígbà tí òògùn tán, Àsíátù fi ọṣẹ fọ agolo náà tónítóní, ó fi pọn omi mímu wá sí ahéré. Òun ló kọ́kọ́ mu níbẹ̀. Kò pẹ́ tó fi ń bì, tí gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tójú rẹ̀ yí padà. Ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n fi ń gbé e lọ sí ọsibítù. Kò dé bẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Múdàṣírù wá sí Ọ̀rẹ̀. Kò pariwo. Ó tẹ́ ìwé rẹ̀ sórí tábìlì Gbádéyan.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Mo gbọ́ pé ọ̀rọ̀ wà lójú ìwé kejì tàwọn yòókù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka tèmi."

Gbádéyan wo bébà funfun náà. Ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ẹ kà á, sà. Mo fẹ́ mọ ohun tí ǹ bá ti sọ fún ìyàwó mi kó tó kú."

Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kò gbéṣẹ́ wá mọ́, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé wọn. Gbádéyan ta ẹ̀rọ rẹ̀, ó jókòó sílé. Àyè ìsinmi dé, kò rí oorun sùn.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bó bá rẹ̀ yín, ẹ sinmi. Ẹ má ṣe gbé iṣẹ́ tẹ́ ẹ kò yẹ̀ wò lé ọmọlàkejì lọ́wọ́. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Gbogbo òtòkùlú pé jọ, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.