Ìkíni Àna

Àtàǹpàkò onígbàjámọ̀ kan ń lọ́ra lójú fóònù rẹ̀, lórí géèmù ìjà tuntun orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń pè é sí.

"Ìjà Ìlobù àti Ìfọ́n ò tíì yó ọ?" ni ìyá rẹ̀ wí. "Látìgbà tí Hàfúsátù ẹ̀gbọ́n rẹ àti ọkọ rẹ̀ ti sá kúrò n'Ífọ́n, ṣé a gbúròó wọn?"

"Màmá, ẹ̀ẹ̀kan péré."

Ó tẹ̀ ẹ́. Àjèjì kan yọ sí i. Kàkà kí ẹni náà kan ẹ̀ṣẹ́, ńṣe ló lóṣòó, ó dìde, ó tún lóṣòó. Báyìí gan-an ni ọkọ Hàfúsátù máa ń kí i nínú géèmù àtijọ́, kó tó lu àna rẹ̀ bolẹ̀.

Onígbàjámọ̀ na fóònù náà sí ìyá rẹ̀.

"Màmá, ẹ súnmọ́ ibí. Àna yín ń kí yín."