Ìwé Ìlera Alinafe

"Ìyá Alinafe, ìgbà tí iná bá jó dé òrùlé lẹ tó ń wá omi. Ewé lẹ ń sè fún un látàná, àbí?"

Nọ́ọ̀sì ń po ìyẹ̀fun oògùn ibà bó ti ń sọ̀rọ̀. Gìrì ti gbé ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó gún un lábẹ́rẹ́, ó ní, "Ìwé ìlera rẹ̀ dà, kí n kọ ọ́ sí i."

Ìyá kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì na ìwé tuntun sí i. "Ẹ má bínú, Sísítà. Àárọ̀ àná la kọ́kọ́ wá. Ẹ ní ẹni tí kò níwèé kò gbọdọ̀ wọlé. Òdìkejì adágún Chilwa ni wọ́n ti ń tà á, ọkọ̀ ò sì tètè padà."

Ilẹ̀ ò lanu kó gbé nọ́ọ̀sì mì. Òun náà kúnlẹ̀ tì í, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tí kò tíì lajú.