Ṣọ́ọ̀kì Pupa Tí Onígíláàsì Fi Lọ Gbé Ìyàwó Rẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kẹ́ ẹ pa á tì. Ẹ kà á tán, kẹ́ ẹ wá fi ránṣẹ́ sí ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn.

1.

Ọkùnrin kan wà tó ń gé gíláàsì fèrèsé tà. Onígíláàsì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ní ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù onílẹ̀kùn mẹ́rin, ó sì ní ìyàwó tó fẹ́ràn bí ẹyin ojú. Ṣùgbọ́n ó ti pé ọdún kan àti oṣù mẹ́rin tí ìyàwó ti kúrò nílé. Ìyá ìyàwó ló ṣubú ní balùwẹ̀, tí egungun ìbàdí wọn kán, ni ìyàwó bá lọ tọ́jú wọn ní ìlú kejì, ìrìn wákàtí márùn-ún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dá gbélé rí, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Tí Onígíláàsì bá se oúnjẹ tán, àwo méjì lọwọ́ rẹ̀ máa ń mú. Ìgbà tó bá gbé e kalẹ̀ ló tó máa ń rántí, á sì dá ọ̀kan padà. Ìyàwó rẹ̀ ní orin kan tó máa ń kọ, tí ohùn ẹ̀ kì í bá a mu. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́. Orin yẹn gan-an ni etí rẹ̀ ń wá kiri báyìí nínú ilé tó pa rọ́rọ́.

Lọ́jọ́ kan, fóònù dún.

"Ọkọ mi, dókítà ní Màámi ti lè rìnrìn àjò. Ẹ wá kó wa ní Sátidé. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n á máa gbé."

Onígíláàsì ti ń fi ojú wá yàrá tí Màámi máa sùn.

"Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi? Egungun yẹn ò tíì mọ́ra tán o. Dókítà ní nǹkan kan ò gbọdọ̀ mì wọ́n jìgìjìgì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ rọ̀."

"Á rọ̀ bí òwú."

2.

Ó gbé ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì, bàbá àgbàlagbà kan. Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì tẹ imú ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ó sì jù ú sílẹ̀. Ọkọ̀ lọ sókè sódò lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó dúró.

"O rí i? Ó yẹ kó gbéra lẹ́ẹ̀kan kó sì dúró. Ṣọ́ọ̀kì ẹ ti kú. Wo epo tó ń sun lára ẹ̀."

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò mọ̀ ọ́n, ṣọ́ọ̀kì ni irin gbọọrọ tó wà nítòsí táyà, tó ń gba gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n ojú ọ̀nà mọ́ra kó má bàa dé ara èrò.

Bàbá gbé dúdú kan jáde, kò dán, kò lẹ́wà. "Èyí ni ìwọ̀n ọkọ̀ ẹ."

Ṣùgbọ́n ojú Onígíláàsì ti lọ sára ògiri, níbi tí àwọn pupa kan gbé ń dán, tí wọ́n gùn ju dúdú lọ.

"Ìyẹn ńkọ́, Bàbá?"

"Ọkọ̀ tó ń ru òkúta ló ni ìyẹn. Ó ga, ó sì le. Tí ẹrù ò bá wúwo lẹ́yìn ọkọ̀, á máa ta bí ewúrẹ́ ni."

Ibí yìí ni ìgbéraga ti wọlé. Nígbà tó lọ kí ìyàwó àti Màámi kẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ wo ọkọ̀ náà, ó ní, "Àna wa, ṣé ó ń rìn ni àbí ó ń sàba?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Díẹ̀ yẹn ló dùn ún jù.

"Bàbá, pupa ni kẹ́ ẹ bá mi dè."

"Ìwọ tó ò ń kó gíláàsì?"

"Mi ò kó gíláàsì lọ́sẹ̀ yìí. Ìyàwó mi ni mò ń lọ gbé."

Bàbá gbé dúdú kalẹ̀. "Ṣé ìyàwó wá le ju gíláàsì lọ ni?"

Onígíláàsì fi ẹ̀rín gbà á. Ọ̀rọ̀ egungun Màámi, kò sọ ọ́ rárá. Ó mọ̀ pé tóun bá sọ ọ́, bàbá ò ní dè é.

3.

Nígbà tó ń lọ, ọkọ̀ ń jù ú sókè. Ó ń tu ara rẹ̀ nínú pé, "Tí wọ́n bá wọlé, á wúwo, á sì rọlẹ̀."

Ó dé ẹnu ọ̀nà àna rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó jáde, ó wo bí ọkọ̀ ṣe ga, ó pàtẹ́wọ́. "Háà! Àna wa ti di ọ̀gá!" Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn dé eegun. Ìyàwó rẹ̀ yọ, ó ti rù. Ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti ga jù. Èèyàn mẹ́ta ló gbé Màámi wọnú ọkọ̀, Màámi sì ń kérora.

"Ọkọ mi, kí ló dé tó fi ga báyìí?"

"Kò sí nǹkan. Ẹ wọkọ̀."

4.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà dán. Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí kọ orin rẹ̀ lórí ìjókòó ẹ̀yìn, níbi tó gbé di ìyá rẹ̀ mú. Onígíláàsì rò pé ìyà tán.

Ni wọ́n bá dé ibi tí ọ̀dà títì ti bó. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ta. "Ẹ rọra o!" Ó rọra, ọkọ̀ ṣì ń ta. Táyà ẹ̀yìn bọ́ sí kòtò kan báyìí, ó fò sókè, ó sì já lulẹ̀ gbàà. Màámi kígbe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà, wọ́n kàn ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ yí padà! Ẹ gbé wa lọ sílé ìwòsàn!"

5.

Egungun tó ti ń mọ́ra ti yà. Wọ́n tún iṣẹ́ abẹ ṣe, ṣùgbọ́n Màámi ò dìde dúró mọ́ láéláé.

Ìyàwó bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. "Ṣé ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ṣọ́ọ̀kì yẹn le?"

"Mo mọ̀."

"Ta lẹ wá rà á fún?"

Ó wo kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mi ò kọ̀ yín. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé Màámi sọ́kọ̀ kankan mọ́, mi ò sì lè fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ máa lọ sílé."

Ó ti di ọdún mẹ́ta. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé Sátidé yẹn ló ti tú pupa dànù, tó de dúdú. Ọkọ̀ rọ̀ báyìí. Lóṣooṣù, Onígíláàsì ń lọ kí wọn. Ìyàwó rẹ̀ á gbọ́únjẹ fún un, wọ́n á jọ jókòó títí oòrùn á fi rọ̀. Tó bá fẹ́ máa lọ, ìyàwó á sìn ín dé ìdí ọkọ̀, á sì bá a ti ilẹ̀kùn láti ìta.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹ má torí ẹni tó máa wò yín fún ìṣẹ́jú kan pàdánù ẹni tó fẹ́ bá yín gbé títí ayé. Tí ẹni tó mọ iṣẹ́ bá sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́ ọ, ẹ má sì fi òótọ́ pamọ́ fún un. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.