Díkódà Tí Abdulhafeez Fi Rọ́pò Ti Àlàájì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kẹ́ ẹ wá fi sílẹ̀. Kò gùn. Ẹ kà á tán, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó ń tún nǹkan oní-nǹkan ṣe.

1.

Ọkọ̀ ojú irin ni Àlàájì Bùràímọ̀ fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wà kó tó fẹ̀yìn tì sí Òkè-Afá. Ibẹ̀ ni àìsàn ojú ti bá a, ojú méjèèjì sì fọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Wàsílátù, wá ra ọkọ̀ ojú irin kékeré fún un, irú èyí tó ń sáré lórí irin yí tábìlì ká.

Ẹ má rẹ́rìn-ín pé àgbàlagbà ń fi ohun ìṣeré ṣeré. Ohùn inú ọkọ̀ yẹn ló ń gbọ́. Lọ́jọ́ tí Àlàájì ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, Wàsílátù bá a wọkọ̀, ó sì fi fóònù gba ohùn ẹ́ńjìnnì náà sílẹ̀, àti bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń fọn fèrè tó bá ti ń sún mọ́ Òṣòdì: ẹ̀ẹ̀kan gígùn, méjì kúkúrú, kí àwọn tó pàtẹ ọjà sórí irin lè tètè palẹ̀ mọ́. Dírẹ́bà kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń fọn tiẹ̀. Ohùn yìí ni Wàsílátù ní kí wọ́n kó sínú ọkọ̀ kékeré náà. Wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì gidi yẹn tà. Fóònù náà ti sọnù. Inú ọkọ̀ kékeré yìí nìkan ni ohùn náà kù sí, tí Àlàájì bá sì ti kírun ìrọ̀lẹ́ tán, á jókòó tì í, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́.

2.

Bọ́ọ̀dù kan wà nínú ọkọ̀ náà tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Díkódà ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe: ó ń wa mọ́tò kékeré tó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀, ó sì ń mú ohùn tí wọ́n kó sínú rẹ̀ jáde. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ò yí mọ́, àmọ́ fèrè ṣì ń fọn dáadáa. Àwọn tó ṣe díkódà yẹn ò ṣe irú rẹ̀ mọ́, nítorí náà wọ́n ní láti wá òmíràn.

Wàsílátù gbé e lọ bá Abdulhafeez ní Bọ́ládé, ẹni tó ń tún rédíò àti ohun ìṣeré oníná ṣe. Ó mọṣẹ́, a ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òun mọṣẹ́, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

“Bọ̀ọ̀dá, apá mọ́tò ló kú o, ohùn ẹ̀ ò kú. Ẹ jọ̀ọ́, ohùn yẹn nìkan ni dádì mi ní.”

“Àǹtí, ẹ lọ fọkàn balẹ̀. Kò sí bọ́ọ̀dù tí mi ò lè pààrọ̀.”

3.

Akíntáyọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiẹ̀, gbà á nímọ̀ràn. Ó ní kó ra díkódà kékeré tí kò ní ohùn, kó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́. Tuntun á máa wa mọ́tò, ti àtijọ́ á máa fọhùn. Ó kàn jẹ́ pé wọ́n á dúró díẹ̀ kí ọjà náà tó dé.

Ìmọ̀ràn yẹn ò wọ Abdulhafeez létí. “Kí n so bọ́ọ̀dù méjì mọ́ ọkọ̀ kan bíi ti vọ́ọ̀kanáísà tó ń lẹ táyà? Wọ́n á ní mi ò mọṣẹ́.”

Ó ní díkódà tuntun kan nílẹ̀, èyí tí ohùn ọkọ̀ òyìnbó oríṣiríṣi kún inú rẹ̀, tó sì ń pariwo ju ti Àlàájì lọ. Ó fi í síbi tó yẹ, ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Lójú tiẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ó ju ti àtijọ́ sínú àpò kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ìyẹn àwọn ohun tó ti bàjẹ́ tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń yọ́ irin, nítorí pé lọ́dọ̀ wa, ògbólógbòó ẹ̀yà ẹ̀rọ tí wọ́n bá yọ, oníṣẹ́ ló ni ín, oníbàárà kì í sábà béèrè rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹni tó ń ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù gbé àpò náà lọ.

4.

Abdulhafeez fúnra rẹ̀ gbé ọkọ̀ náà lọ sí Òkè-Afá, kí bàbá lè ṣàdúrà fún un. Ó tẹ rìmóòtù. Ọkọ̀ gbéra, ó ń sáré dáadáa, ó fọn fèrè tó fi jẹ́ pé àwọn ará ilé kejì yọjú. Àlàájì tẹ́tí sí i.

“Ọkọ̀ ta ni èyí?”

“Tiyín ni, Àlàájì. Mo ti tún un ṣe.”

“Rárá o. Èmi kọ́ ni mò ń wa eléyìí.”

Wàsílátù béèrè díkódà àtijọ́. Abdulhafeez ní òun ti jù ú sínú àpò kọ́ńdẹ́ẹ̀mù. Wọ́n jọ sáré padà sí Bọ́ládé, wọ́n rí ẹni tó ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ó sì sọ fún wọn pé ọkọ̀ akẹ́rù ti kó gbogbo rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ ọ. Wàsílátù ò bú ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sunkún.

Abdulhafeez lọ tọrọ àforíjì. Àlàájì forí jì í, ó tilẹ̀ ṣàdúrà fún un, àdúrà yẹn ló sì dùn ún jù. Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀ ní Bọ́ládé, ọ̀pọ̀ oníbàárà rẹ̀ sì kọjá sọ́dọ̀ Akíntáyọ̀. Àlàájì ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà fún àwọn ọmọdé àdúgbò. Tó bá kírun ìrọ̀lẹ́ tán báyìí, ó ń wọlé lọ sùn ni.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, kẹ́ ẹ tó fi nǹkan rọ́pò nǹkan, ẹ bi ẹni tó ni ín léèrè ohun tó ń fi ṣe, kẹ́ ẹ sì gbọ́ ohun tó bá sọ. Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ máa gba ògbólógbòó yín padà. Ẹni tó bá sì ní ohùn èèyàn rẹ̀ nípamọ́, kó má fi síbì kan ṣoṣo. Ìmọ̀ràn tí Abdulhafeez kọ̀ kò ju gbólóhùn mélòó kan lọ, àmọ́ torí pé ó kọ̀ ọ́, ohùn tí kò sí owó tó lè rà padà ló sọnù. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.