Ìdáhùn Kan Péré Ni Doña Tomasa Mọ̀

Nínú kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì ìrọ̀lẹ́ ní ìlú Matehuala, Doña Tomasa nìkan ló ti lé lọ́gọ́ta ọdún, òun náà ló sì lágídí jù. Láti oṣù Kìn-ín-ní, ìdáhùn kan ṣoṣo ló ń kọ́: èyí tó jẹ mọ́ ẹbí. Bí wọ́n bá ní kó sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́, á ká apá rẹ̀, á máa wo àjà.

"Ìyá àgbà, ahọ́n yín ti gan!" ni ọmọdébìnrin kan fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀.

"Tìẹ tó rọ̀, kí ló ti rí sọ?"

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti sú Leobardo, tíṣà wọn. "Doña, ẹ máa féèlì ìdánwò àfẹnusọ yìí o. Ìbéèrè pọ̀ níbẹ̀."

"Kí n féèlì. Ṣé àwọn olùdánwò á dá mi lẹ́kun kí n tó sọ èyí tí mo mọ̀ tán?"

"Rárá. Òfin ò gbà wọ́n láyè. Wọn ò gbọ́dọ̀ já lu ọ̀rọ̀ yín, wọn ò gbọ́dọ̀ dìde. Kí wọ́n ṣáà máa gbọ́ ni."

"Ó tán nìyẹn."

"Ẹ lè ṣe é níbí. Kí lẹ ń wá lọ sí Saltillo?"

"Àbúrò mi tó wà ní Texas ló ní Saltillo ni kí n lọ."

"Ẹn-ẹ́n, ọ̀dọ̀ wọn lẹ fẹ́ kó lọ."

"Ta ló ń kó lọ? Ìwọ ṣáà máa tún ẹnu mi ṣe."

Ní Saltillo, olùdánwò méjì ló bá nínú yàrá: obìnrin kan tí wọ́n rán wá láti Texas, ní òdìkejì ibodè, tí yóò máa béèrè ìbéèrè, àti ọkùnrin kan ní kọ̀rọ̀, tí yóò máa fúnni ní máàkì. Ọkùnrin náà kọ́kọ́ bi wọ́n, bó ṣe ń bi gbogbo ẹni tó bá wọlé, bóyá wọ́n mọ ara wọn. Obìnrin náà ní rárá. Doña Tomasa wò ó díẹ̀, ó ní òun náà ò mọ̀ ọ́n.

Obìnrin náà ń ka ìbéèrè láìgbójú kúrò lórí ìwé. Ó béèrè nípa ojú ọjọ́, Doña Tomasa ká apá rẹ̀, ó ń wo àjà. Ó béèrè nípa oúnjẹ, àjà náà ló ṣì ń wò. Ọkùnrin náà mi orí, ó kọ òdo. Ìbéèrè tó kẹ́yìn ló kan ẹbí. Obìnrin náà mu omi kó tó kà á.

Doña Tomasa gbé apá méjèèjì lé tábìlì. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wúwo, ṣùgbọ́n kò kọsẹ̀.

"Ọmọbìnrin kan ni mo bí. Bàbá rẹ̀ ń lù ú. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mo rán an lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi. Ó rò pé mo jù ú nù ni. Tí mo bá pè é, á ní òun ti gbàgbé èdè Sípéènì, á gé fóònù mọ́ mi létí. Ó dáa, mo lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mi ò kábàámọ̀ pé mo rán an lọ. Bó bá tún di òní, màá rán an lọ. Ohun tó ń dùn mí ni pé mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún un."

"Ó parí," ọkùnrin náà wí.

Doña Tomasa mú báàgì rẹ̀, ó dìde, ó gbé orí sókè bí ẹni tó gba ipò kìn-ín-ní.

Obìnrin náà ti ìwé ìbéèrè sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì fi èdè Sípéènì tó já geere, èyí tó ní òun ti gbàgbé, sọ pé: "Màmá mi, ẹ jókòó, mi ò tíì bi yín ní ìbéèrè tèmi."